Oko, ẹnubodè, kíláàsì: iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn láàárín àwọn aṣíkiri Amẹ́ríkà

Ní oṣù January ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé ìlànà kan tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2011. Ìlànà ọ̀hún ló ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n má ṣe máa wọ ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé ìjọsìn lọ mú ènìyàn, àfi bó bá di kò-ṣeé-má-ṣe. Bí wọ́n ṣe fagi lé e ni jìnnìjìnnì bo àwọn aṣíkiri tí kò ní pépà, ìyẹn ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná lóru ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e lọ sí ọsibítù. Bàbá tó máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú ọmọ lọ sílé ìwé ní láti wá aládùúgbò tó máa bá a mú un lọ.

Ẹnu olóṣèlú àti orí tẹlifíṣọ̀n la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri wọ̀nyí jù. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilé wọn ni wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti bá wọn sùn nínú ahéré oko, wọ́n ti bá wọn ká èso nínú òtútù, wọ́n ti jókòó tì wọ́n níwájú dókítà. Onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ni wọ́n, àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní anthropologist. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n lọ gbé láàárín àwọn ènìyàn, kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ èdè wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn tún jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, àwọn ọmọ aṣíkiri sì wà nínú kíláàsì tí wọ́n ń kọ́.

Bí mo ṣe ń ka iṣẹ́ wọn, ohun kan ló ń hàn sí mi síwájú sí i: ìwádìí, ìtọ́jú ará àdúgbò àti fífa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ló ń bí èkejì. Ṣùgbọ́n ìwádìí nìkan ni yunifásítì ń kà sí iṣẹ́ gidi, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì ń bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Orúnkún kan tó ń dùn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oko. Seth Holmes jẹ́ dókítà oníṣègùn, ó sì tún jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tó lọ gbé pẹ̀lú àwọn Triqui, ẹ̀yà kan tó ti wà ní ìpínlẹ̀ Oaxaca lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò kí àwọn òyìnbó Sípéènì tó débẹ̀. Àwọn Triqui wọ̀nyí ló máa ń ká èso strawberry ní àfonífojì Skagit, ní ìpínlẹ̀ Washington, lọ́hùn-ún tó kángun sí Kánádà. Holmes bá wọn gbé nínú ahéré tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ oko, ó bá wọn ká èso, ó bá wọn lọ sí California nígbà tí òtútù dé, ó sì bá wọn dé abúlé wọn. Nígbà tí wọ́n ń padà kọjá ẹnubodè, ó bá wọn rin aṣálẹ̀ Arizona mọ́jú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú wọn, wọ́n sì mú òun náà mọ́ wọn.

Ìtàn kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọkùnrin kan ń ká èso, ó yí ara padà lórí ebè, ìrora gún un ní orúnkún. Ó rò pé á lọ, kò lọ. Ó ń ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Triqui ni èdè abínibí rẹ̀, Spáníìṣì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, ẹnu ògbufọ̀ Spáníìṣì ni wọ́n sì ń gbà bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ògbufọ̀ bá wà. Níkẹyìn, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà ní ohun tó fa ìrora rẹ̀ ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá ti bá a dé oko ló lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jìnnà sí òótọ́ tó. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni strawberry ń so. Ìwọ̀n kan wà tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ká ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá ti ká a pé, wọ́n á dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí ìyẹn, àwọn kan kì í jẹun, wọn kì í sì í mu omi láàárọ̀, kí wọ́n má baà ní láti fi oko sílẹ̀ lọ tọ̀. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, wọ́n lè fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí èso bá pọ́n. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ báyẹn, ọ̀nà wo ló wá dáadáa? Holmes kò fi àwọn dókítà yẹn ṣe ènìyàn burúkú. Ó rí i pé wọ́n ń sá sókè sá sódò, aláìsàn kún ìta, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì kọ́ wọn ni kí wọ́n wo ara ẹni tó wà níwájú wọn, wọn kò kọ́ wọn láti béèrè oko tí ara náà ti ń bọ̀.

Ibi tí ìtọ́jú ti di ìwádìí nìyí. Ká ní Holmes kò tẹ̀ lé aláìsàn yìí dé ilé ìwòsàn, kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé irọ́ wà nínú fáìlì rẹ̀. Aláìsàn náà kò sì ní gbà kó tẹ̀ lé òun ká ní wọn kò jọ wà lóko.

Ọdún 1994

Kí ló gbé àgbẹ̀ Oaxaca dé Washington? Àgbàdo ni wọ́n ń gbìn nílé. Ní January 1, 1994, àdéhùn òwò NAFTA láàárín Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àgbàdo Amẹ́ríkà, tí ìjọba ibẹ̀ ń fi owó ti àgbẹ̀ wọn lẹ́yìn lórí rẹ̀, rọ́ wọ ọjà Mẹ́síkò. Owó àgbàdo já wálẹ̀, àgbẹ̀ kékeré kò rí èrè oko fi bọ́ ilé mọ́. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà tún gbé ètò tuntun kalẹ̀ fún ẹnubodè gúúsù. Wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ àti ògiri jọ sí àwọn ìlú bíi El Paso àti San Diego, kó lè jẹ́ pé aṣálẹ̀ àti òkè nìkan ni yóò kù fún ẹni tó bá fẹ́ kọjá. Èrò wọn ni pé oòrùn á dá wọn padà. Wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àgbàdo, wọ́n sì dí i mọ́ àgbẹ̀ tí àgbàdo náà lé kúrò lóko.

Àwọn ènìyàn kò padà. Wọ́n ń kú sínú aṣálẹ̀. Láti ọdún 1998, òkú tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà fúnra wọn kọ sílẹ̀ ní ìhà gúúsù ti lé ní 8,000, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sì rí òkú wọn kò sí nínú iye yẹn.

Jason De León, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn mìíràn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ ní aṣálẹ̀ Sonora, ní Arizona, lọ́dún 2009. Ẹ̀kọ́ nípa wíwú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kọ́, ọgbọ́n yẹn náà ló gbé dé aṣálẹ̀. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣa ohun tí àwọn arìnrìn-àjò jù sílẹ̀, wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò ẹ̀yìn wà níbẹ̀, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti là wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n sọ di dúdú kó má baà máa tàn nínú oòrùn tí ẹ̀ṣọ́ á fi rí i. Kẹ́ẹ̀gì dúdú a máa mú omi inú rẹ̀ gbóná kíákíá. Ẹni tó rà á, omi gbígbóná ló máa mu nínú ooru tó ń pa ènìyàn, ó sì tún rà á, nítorí ẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ ju ti òùngbẹ lọ.

Láti inú iṣẹ́ náà ni wọ́n ti gbé ìpàtẹ kan jáde tí wọ́n pè ní Hostile Terrain 94. Wọ́n á ya ilẹ̀ ẹnubodè Arizona sára ògiri gbàgàdà kan, wọ́n á sì máa so irú káàdì tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ òkú ní mọ́ṣúárì mọ́ ibi tí wọ́n ti rí òkú kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́. Káàdì náà lé ní 3,200. Èyí tó ní àwọ̀ páálí jẹ́ ti òkú tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn jẹ́ ti ẹni tí wọn kò mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará àdúgbò tí wọ́n ti ń pàtẹ rẹ̀ ló sì ń kọ ọ́: orúkọ, ọjọ́ orí, ohun tó pa á, bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n rí i. Ọ̀dọ́ tó bá fi odidi ọ̀sán kọ "egungun nìkan" lẹ́yìn "egungun nìkan" kò ní gbọ́ iye yẹn nínú ìròyìn kó tún kọjá lára rẹ̀ bí ọjọ́ mìíràn. Mi ò mọ ọ̀nà ìkọ́ni tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ní Tucson, Arizona kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni Robin Reineke nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2006 ní ọ́fíìsì àwọn dókítà tó ń yẹ òkú wò ní Pima County. Ẹbí ń pè láti Mẹ́síkò àti Guatemala, wọ́n ń wá ẹni wọn tó gba aṣálẹ̀ tí wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ní láti jókòó gbọ́ wọn títí, kó béèrè bóyá ó ní eyín wúrà, àpá iṣẹ́ abẹ, aṣọ wo ló wọ̀, kí ló wà nínú àpò rẹ̀, kó sì wá fi wé òkú tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló di àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Colibrí Center lọ́dún 2013. Inú rẹ̀ náà ni ìmọ̀ tí Reineke kó jọ nípa ohun tí àìmọ ibi tí òkú wà ń ṣe fún ẹbí ti jáde wá. Ẹni tó ń gbé fóònù ni olùwádìí.

Èsúsú ilẹ̀ òkèèrè

Bí mo bá dúró sórí òkú àti ìyà nìkan, n kò ní ṣe dáadáa sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí, nítorí ìdajì ohun tí àwọn onímọ̀ yìí kọ sílẹ̀ dá lórí bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn ró.

Carlos Vélez-Ibáñez, tí wọ́n bí sí Nogales létí ẹnubodè, ṣe ìwádìí nípa ẹgbẹ́ tí àwọn ará Mẹ́síkò ń pè ní tanda, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1983. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé lọ títí: èsúsú ni. Ènìyàn mẹ́wàá ń dá iye kan náà lọ́sẹ̀, ẹnì kan ń kó o, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi kárí. (Èsúsú tiwa náà wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ yìí. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1937 sí 1938, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1952, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sì ń tọ́ka sí i títí dòní.) Vélez-Ibáñez rí i pé owó nìkan kọ́ ni tanda ń kó jọ. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò sì sá lọ, ó ti fi hàn pé òun ṣe é fọkàn tán, ẹni náà ni wọ́n á ké sí tí iṣẹ́ bá ṣí sílẹ̀ tàbí tí yàrá bá ṣófo. Fún ẹni tí kò lè dé báńkì lọ yá owó, ohun tó ń dì í mú nìyẹn.

Ní Oaxaca, wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo ará ìlú gbọ́dọ̀ ṣe fún ìlú, wọ́n ń pè é ní tequio. Ipò ìlú náà ń kárí, tó bá kan ènìyàn, á sin ìlú láìgba owó. Ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ kò yọ ẹni tó wà ní California sílẹ̀. Ó lè san owó fún ẹni tó máa ṣe é dípò rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ní kó wálé wá ṣe é. Ní ìgbà tí ẹnubodè rọrùn, èyí ṣeé ṣe. Ní báyìí tí àtipadà lè gba ẹ̀mí ènìyàn, ẹni tí ìlú yàn sípò ti wà láàárín ìlú tó bí i àti àwọn ọmọ tó bí sí òkèèrè.

Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Mẹ́síkò lọ́dún 2024 lé ní bílíọ̀nù 64 dọ́là. Láti January 2026, òfin tuntun ní Amẹ́ríkà ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tí ènìyàn bá fi kéèṣì fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ẹni tó ní káàdì báńkì kò ní san án. Ẹni tí kò ní ni yóò san án.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà rí bákan náà. Òfin kan tó ti wà láti 1986 ní kí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka pàjáwìrì dá ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú pàjáwìrì lóhùn, láì wo pépà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe pàjáwìrì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, títí di ọjọ́ tó bá gbé ènìyàn ṣubú. Àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n ń pè ní promotora ló ń dí àlàfo yẹn: wọ́n ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ nípa ìlera, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n mọ ẹni tí oògùn rẹ̀ ti tán. Onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn tó bá fẹ́ mọ àdúgbò, ẹ̀yìn wọn ló máa rìn, òun náà á sì bá wọn gbé nǹkan, á bá wọn kọ fọ́ọ̀mù, á bá wọn wakọ̀.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jogún

Ẹ̀rí nìkan kò tó yí òfin padà. Franz Boas, tó ṣí láti Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà tó sì di àgbà ìmọ̀ yìí níbẹ̀, ló fi ara gbá èyí. Ìgbìmọ̀ kan tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbé kalẹ̀ lórí àwọn aṣíkiri gbé iṣẹ́ fún un, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sì wọn orí àwọn aṣíkiri àti àwọn ọmọ wọn ní New York, ó lé ní 17,000 ènìyàn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1911: orí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n bí sí Yúróòpù, bó tilẹ̀ jẹ́ òbí kan náà ló bí wọn. Ọ̀rọ̀ pé ẹ̀yà kan ní orí tí kò lè yí padà láéláé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, lọ́dún 1924, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Ítálì àti àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù, àfi bíi pé wọn kò ka ìwé náà rí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Boas ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé e dé. Zora Neale Hurston, ọmọbìnrin Adúláwọ̀ kan, wà nínú wọn, ó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Barnard ní New York láti 1925. Boas ní kó lọ wọn orí àwọn ará Harlem, ó lọ, lẹ́yìn náà ló rán an lọ sí Florida, ìpínlẹ̀ tí Hurston ti dàgbà, pé kó lọ gba ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ. Ọ̀gá tó rán ọmọ ilé padà sílé lọ ṣe ìwádìí, tó gbà pé ohun tí ọmọ náà mọ̀ kí ó tó wọ yunifásítì jẹ́ ìmọ̀, ohun ńlá ló ṣe.

Èrò yìí kan náà ló hù ní Tucson ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn olùwádìí, Norma González tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn àti Luis Moll láàárín wọn, kọ́ àwọn olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti máa lọ sílé àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Wọn kò lọ fẹjọ́ ọmọ sun, wọn kò sì lọ kọ́ òbí bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ohun tí wọ́n bá nínú ilé tí ilé ìwé ń pè ní ilé aláìní ni àwọn tó mọ iṣẹ́ oko àti ẹran ọ̀sìn, àwọn tó mọ ilé kọ́, àwọn tó mọ ewé àti egbò, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nínú ihò ìwakùsà, àwọn tó mọ òwò ẹnubodè láti ìran dé ìran.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ilé náà, olùkọ́ rí i pé ọmọ tí òun ń kọ́ máa ń ra súwíìtì bọ̀ láti Mẹ́síkò, á sì tà á fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ó ti mọ èlé àti èrè kó tó dé orí rẹ̀ nínú ìwé ìṣirò. Olùkọ́ náà sọ súwíìtì di iṣẹ́ kíláàsì: wọ́n ka ohun tí wọ́n fi ṣe súwíìtì Mẹ́síkò àti ti Amẹ́ríkà, wọ́n fi wọ́n wé ara wọn, òbí kan sì wá sí kíláàsì wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹjọ́ ọmọ sùn ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè é, òun ló dúró síwájú kíláàsì lọ́jọ́ yẹn. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n gbé jáde nípa iṣẹ́ yìí ní 1992 ṣì ń yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn olùkọ́ padà.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún lónìí

Lọ́dún 1982, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ lé ọmọ kúrò nílé ìwé nítorí pé kò ní pépà. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá parí ilé ìwé girama ni ààbò ìdájọ́ yẹn parí. Lọ́dún 2012, Ààrẹ Obama gbé ètò DACA kalẹ̀, tó jẹ́ kí àwọn tó bá òbí wọn wọ Amẹ́ríkà ní kékeré rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà fún ọdún méjì méjì. Ó lé ní 800,000 ènìyàn tó ti jẹ àǹfààní rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá máa gbà á gbọ́dọ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà kí June 15, 2007 tó dé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń wọ yunifásítì lónìí, ọmọ ọwọ́ ni lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n bá tiẹ̀ ti bí i. Láti July 2021 sì ni ilé ẹjọ́ kan ní Texas ti ní kí ìjọba má fọwọ́ sí ìwé ẹni tuntun mọ́. Ètò náà wà, àwọn ọmọ tó yẹ fún ti kọjá lọ.

Texas ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò ní pépà máa san owó ilé ìwé tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san, ní 2001. Ní June 2025, ìjọba àpapọ̀ pe òfin náà lẹ́jọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ kò bá a jà, lọ́jọ́ kan náà ni adájọ́ pa á rẹ́. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ìpínlẹ̀ lè ju ìlọ́po méjì ti ọmọ ìpínlẹ̀ lọ.

Nínú irú àkókò yìí, kí ni olùtọ́sọ́nà ń ṣe? Iṣẹ́ náà kò rí bí ènìyàn ṣe rò. Ó ń ka fọ́ọ̀mù pẹ̀lú ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní kó má kọ àdírẹ́sì ilé síbẹ̀. Ó ń wá bí wọ́n ṣe máa san owó ìrànwọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n gbà síṣẹ́. Ó ń wo àwòrán ilẹ̀ kó tó mú kíláàsì jáde lọ ṣe ìwádìí, nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè ní ibùdó àyẹ̀wò lójú ọ̀nà nínú orílẹ̀-èdè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní pépà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ Texas kò lè wakọ̀ lọ sí San Antonio láìkọjá irú ibùdó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wà ní Falfurrias. Ó tún ń ṣàlàyé ohun tí ọmọ olówó ti mọ̀ láti ilé: pé wákàtí tí olùkọ́ kọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ wà fún kí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé wá béèrè ọ̀rọ̀, pé ènìyàn lè tọrọ lẹ́tà ìjẹ́rìí láìtijú, pé ìwé ẹ̀kọ́ gíga jù lọ lè ní owó ìtìlẹ́yìn.

Ètò kan wà tí wọ́n fi sọrí Ronald McNair, ọmọ Adúláwọ̀ tó lọ sí òfurufú tó sì kú nígbà tí ọkọ̀ Challenger gbiná ní 1986. Ó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó kò tó nílé rẹ̀ tí òbí rẹ̀ kò sì gba oyè yunifásítì àti àwọn tí ẹ̀yà wọn kò pọ̀ láàárín ọ̀mọ̀wé, ó sì ń fi wọ́n sábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n á jọ ṣe ìwádìí. Àwọn ọmọ aṣíkiri tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Nínú ìṣúná 2026 tí Ààrẹ Trump gbé síwájú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ó dábàá pé kí wọ́n pa gbogbo àwọn ètò TRIO rẹ́, ìyẹn àwọn ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ aláìní lọ́wọ́, McNair sì wà lára wọn.

Ẹni tó ń ru ẹrù náà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló jẹ́ ọmọ aṣíkiri fúnra wọn. Amado Padilla, onímọ̀ ìrònú òun ìwà ní Stanford, kọ̀wé lọ́dún 1994 nípa irú owó orí kan tí yunifásítì ń gbà lọ́wọ́ wọn láìkọ ọ́ sínú ìwé. Tí akẹ́kọ̀ọ́ aṣíkiri bá ní ìṣòro, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n á rán an sí. Tí ìgbìmọ̀ kan bá ń wá ẹni tó máa ṣojú ẹ̀yà kan, àwọn ni wọ́n á pè. Tí ìgbéga bá wá dé, àpilẹ̀kọ ni wọ́n á kà, wọ́n á ní tiwọn kò pọ̀ tó. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa jù ni ìjìyà yìí ń bá jù.

Ewu kejì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Àkọsílẹ̀ onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn kún fún orúkọ, òpópónà, ibi iṣẹ́, ọjọ́ tí ẹnì kan kọjá ẹnubodè. Ìlànà ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé kí wọ́n má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ lè béèrè ìwé náà. Lọ́dún 1993, Rik Scarce, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní ìpínlẹ̀ Washington, lo ọjọ́ 159 lẹ́wọ̀n nítorí pé kò gbà láti sọ ohun tí àwọn tí òun ń ṣe ìwádìí nípa wọn bá a sọ. Nítorí irú èyí, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ á kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kó yí orúkọ padà kó tó kọ ọ́, kó má kọ àdírẹ́sì rárá, kó pa ohùn tó gbà rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹni tó kọ́ ọ lè fi ìwé kan ṣoṣo kó gbogbo òpópónà sí wàhálà.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn Amẹ́ríkà ti gbé ìlànà jáde pé kí yunifásítì máa ka iṣẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ ará ìlú mọ́ iṣẹ́ ìmọ̀. Ìlànà lásán ni, ọwọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló wà. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò le. Kí wọ́n dín iye kíláàsì tí olùkọ́ tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ sọ́nà ń kọ́ kù. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àdúgbò tí olùkọ́ ti ṣe ìwádìí bóyá olùkọ́ náà padà wá, kí wọ́n sì fi ìdáhùn wọn sínú fáìlì ìgbéga rẹ̀. Kí wọ́n san owó fún promotora àti ògbufọ̀ Triqui láti inú owó ìwádìí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń san án fún ẹni tó ń bá wọn ṣe kọ̀ǹpútà.